Túlíìpù olówó gọbọi ti run, kékeré tí wọn ò kà sí ló wà nínú ọgbà

Ẹni ọdún 67 ni Carolus Clusius lọ́dún 1593 tó kó dé ìlú Leiden, lórílẹ̀-èdè Họ́láǹdì. Àwọn aláṣẹ yunifásítì ìlú náà ló ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá àwọn tọ́jú ọgbà ewé àti egbò tí àwọn fẹ́ dá sílẹ̀. Bàbá náà ò kó wúrà dé, bẹ́ẹ̀ ni kò kó aṣọ olówó iyebíye dé. Orí òdòdó kan báyìí tó jọ àlùbọ́sà ló di sínú ẹrù, ó sì ti pẹ́ tó ti ń kó o jọ, láti ìgbà tó ti ń bá ọba wọn ṣiṣẹ́ nílùú Vienna. Túlíìpù lorúkọ òdòdó ọ̀hún. Nígbà tó fi máa di ọdún 1594, ó ti tanná, làwọn èèyàn bá ń wá a wò bí ìgbà tí wọ́n ń wo ìran eégún.

Àwọn kan ní àwọn fẹ́ rà. Bàbá ní òun ò tà. Ọ̀rẹ́ tó bá mọyì òdòdó ló máa ń fún, ọ̀fẹ́ ló sì máa ń fún un. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń tẹ̀yìn irú ẹ̀ yọ láàárín ọmọ aráyé. Nígbà tó di ọdún 1596, wọ́n wọ ọgbà bàbá arúgbó, wọ́n hú òdòdó ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1598, wọ́n tún padà wá. Ẹ sì rántí pé kì í ṣe ohun téèyàn ń jẹ yó o, owó tó wà nídìí ẹ̀ ni wọ́n ti rí.

Bàbá Clusius kú lọ́dún 1609, kò fojú rí èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ará Họ́láǹdì sọ òdòdó di káràkátà. Wọn ò dúró mọ́ kó tanná kí wọ́n tó rà á. Inú ilé ọtí ni wọ́n ti ń ra orí tó ṣì wà nínú ilẹ̀, ìwé lásán ni wọ́n ń gbé lé ara wọn lọ́wọ́, ẹni tó rà á láàárọ̀ á ti tún un tà kílẹ̀ tó ṣú. Èyí tí wọ́n ń bẹ̀rù owó ẹ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀ ni Semper Augustus, òdòdó funfun tí pupa là káàkiri ara ẹ̀ bí ìlà ara aṣọ òfì. Orí ẹyọ kan ẹ̀ tó owó ilé gidi nílùú Amsterdam.

Ní ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejì, ọdún 1637, wọ́n lu òdòdó ní gbàǹjo nílùú Alkmaar fún àwọn ọmọ tí bàbá wọn, Wouter Winkel, kú fi sílẹ̀. Nǹkan bíi 90,000 guilder ni wọ́n pa lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Inú àwọn alágbàtọ́ ọmọ dùn. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ méjì ṣáájú ìyẹn, ní Haarlem tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà, wọ́n ti gbé òdòdó kalẹ̀ tí kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọjà dà rú. Ẹni tó jẹ gbèsè ní òun ò san, ẹni tó tà ò rówó gbà, ọ̀rọ̀ di ilé ẹjọ́.

Ẹ má dá àwọn tó ń sọ pé àwọn oníṣòwò ń bẹ́ sódò pa ara wọn nígbà náà lóhùn o, àsọdùn ni. Òpìtàn kan, Anne Goldgar, tú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ìgbà yẹn yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ó sì fi hàn nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 2007 pé àwọn tí òdòdó sọ di ẹdun arinlẹ̀ ò pọ̀ rárá bí ayé ṣe ń pariwo ẹ̀. Àmọ́ ti owó tó tó owó ilé yẹn, òótọ́ ni.

Ohun tó yani lẹ́nu ju owó náà lọ ni pé àìsàn ló ń ṣe òdòdó tí wọ́n ń torí ẹ̀ ya wèrè. Ìlà pupa ara Semper Augustus, fáírọ́ọ̀sì ló fà á. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ara ewé ló ń gbé e láti orí òdòdó kan bọ́ sí òmíràn. Lọ́dún 1928 ni obìnrin onímọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dorothy Cayley, fi hàn pé ńṣe ni nǹkan náà ń ràn bí àìsàn ṣe ń ràn. Bó bá ṣe ń lẹ́wà sí i, bẹ́ẹ̀ lokun ń tán nínú ẹ̀. Lónìí, tẹ́ ẹ bá kó gbogbo owó Dangote lé e, ẹ ò lè rí orí Semper Augustus kan ṣoṣo rà. Ó ti run. Àwòrán tí wọ́n yà nípa ẹ̀ nìkan ló kù.

Bákan náà lọmọ ṣorí nílẹ̀ Tọ́kì. Àwọn wọ̀nyẹn ti mọ túlíìpù tipẹ́ kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n, lale ni wọ́n ń pè é. Òyìnbó ló ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, orúkọ láwàní tí wọ́n ń wé sórí ni wọ́n gbé fún òdòdó. Láyé Sultan Ahmed Kẹta, láàárín ọdún 1718 sí 1730, kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe nílùú Istanbul ju ayẹyẹ túlíìpù lọ. Wọ́n ní tó bá di alẹ́, wọ́n á gbé àbẹ́là sẹ́yìn ìjàpá, ìjàpá á wá máa rìn kiri láàárín òdòdó kí ìmọ́lẹ̀ lè máa tàn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìjàpá wa tó gbọ́n féfé yẹn náà ni o! Nígbà tó di 1730, inú bí àwọn ará ìlú, Patrona Halil kó wọn lẹ́yìn, wọ́n pa olórí àwọn ìjòyè, Sultan náà sì sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́. Àwọn túlíìpù Istanbul ìgbà yẹn, tí ewé òdòdó wọn gùn tó sì ṣe ṣóńṣó bí ọ̀bẹ aṣóró, àwọn náà ti lọ.

Tẹ́ni kan bá wá bèèrè pé èwo ló wá kù nínú gbogbo ẹ̀, kó yáa yíjú sí àwọn kékeré.

Túlíìpù kan wà tó ń jẹ́ Tulipa clusiana. Orúkọ bàbá tí wọ́n jí lóhun-ìní yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́. Òdòdó igbó ni, kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni jókòó pa pọ̀. Láti àwọn òkè Iran àti Afghanistan títí dé apá ìwọ̀ oòrùn Himalaya ló ti ń hù. Igi ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, òdòdó ẹ̀ funfun nínú, pupa gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá. Tó bá di ọ̀sán tí oòrùn yọ, á ṣí sílẹ̀ bí ìràwọ̀. Tó bá di alẹ́, á pa ara ẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tó ta ilé torí ẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀, inú páálí kékeré ni wọ́n ń kó orí ẹ̀ sí tà ní London lónìí, owó tí òṣìṣẹ́ ń ná sórí oúnjẹ ọ̀sán tó o, ẹni tó bá sì gbìn ín re á máa rí i lọ́dọọdún.

Irú wọn lé ní 70 nínú igbó àgbáyé. Orí àwọn òkè àárín gbùngbùn Asia, bíi Kazakhstan, Kyrgyzstan àti Uzbekistan, ni wọ́n pọ̀ sí jù, wọ́n tún wà ní Tọ́kì, wọ́n wà ní erékùṣù Crete, wọ́n sì dé apá kan ilẹ̀ Yúróòpù. Tulipa humilis, tí kì í ju ínǹṣì mẹ́rin sí mẹ́fà lọ, á kàn rọra jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ ni pẹ̀lú àwọ̀ elésè àlùkò ẹ̀. Tulipa tarda jẹ́ yẹ́lò tí funfun wà létí ẹ̀, igi kan á sì yọ òdòdó mẹ́rin márùn-ún. Tulipa turkestanica tún ju ìyẹn lọ, ó lè yọ mẹ́wàá lórí igi kan. Tulipa linifolia pupa fòò, ewé ẹ̀ tín-ín-rín, ó ń lọ́ wé lórí ilẹ̀. Ẹni tí oòrùn ò bá wọ ọgbà ẹ̀ tààrà lè wá Tulipa sylvestris, yẹ́lò ni, ó ń ta sánsán, kì í fi gbogbo ara bínú sí òjìji.

Kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí fi ń pẹ́ ju àwọn ńlá lọ? Ìyà ló tọ́ wọn dàgbà. Orí òkè tí wọ́n ti wá, òkúta ló pọ̀ níbẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Yìnyín á bo wọ́n mọ́lẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, yìnyín á yọ́, wọ́n á sáré yọ òdòdó, wọ́n á so, lẹ́yìn ìyẹn oòrùn á wá dá iná sun ilẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ á fi gbẹ kanrínkanrín. Inú gbígbẹ yẹn ni orí wọn ti ń sùn, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣètò òdòdó ọdún tó ń bọ̀. Túlíìpù ńlá tí wọ́n ń tà kiri, ìnáwó ọjọ́ kan ni wọ́n tọ́ ọ fún. Ọdún àkọ́kọ́, á ṣe bí ọba. Lọ́dún kejì, orí ẹ̀ á ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, ewé lásán lá yọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ọwọ́ àwọn ni ò dáa, wọn ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, pàápàá àwọn tó ní ilẹ̀ tóóró lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí nígbà ooru. Tí òtútù bá dé, ilẹ̀ náà á kàn wà lásán bẹ́ẹ̀ títí di oṣù karùn-ún. Túlíìpù kékeré á wúlò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: ẹ má gbìn ín sójú ibi tẹ́ ẹ ń gbin ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀ sí. Ìgbà ooru tí ewédú ń fẹ́ omi lójoojúmọ́ gan-an ni orí túlíìpù fẹ́ sùn ní gbígbẹ. Omi tẹ́ ẹ bá ń bu sí ewédú ló máa jẹ ẹ́ rà. Ẹ fún un ní etí ògiri tí oòrùn ń pa, tàbí kẹ́ ẹ gbìn ín sínú ìkòkò, kẹ́ ẹ gbé ìkòkò náà kúrò nínú òjò tí ewé ẹ̀ bá ti gbẹ.

Oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ni kí wọ́n gbìn ín. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbìn fẹ́ràn oṣù kọkànlá, torí pé ilẹ̀ á ti tutù, àìsàn tó máa ń ṣe ewé ẹ̀ bíi pé iná jó o kì í rọ́wọ́ mú nínú òtútù bẹ́ẹ̀. Amọ̀ ni ilẹ̀ London lọ́pọ̀ ibi, omi kì í tètè lọ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti po òkúta wẹ́wẹ́ tàbí yanrìn gbàrẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Kí jíjìn ihò náà tó ìlọ́po mẹ́ta gíga orí tí wọ́n fẹ́ gbìn, kí ibi ṣóńṣó wà lókè. Ẹ má da ajílẹ̀ lé e lórí bí ẹni ń gbin àgbàdo, kò mọ̀ ọ́n jẹ. Tó bá tanná tán, ẹ fi ewé ẹ̀ sílẹ̀ kó pọ́n kó sì gbẹ fúnra ẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa á: ojú wọn ò gba ewé tó ń pọ́n, wọ́n á gé e, wọn ò mọ̀ pé oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ ni ewé náà ṣì ń gbé lọ sísàlẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ London náà ò ṣe é fojú di. Kò sóhun tó dùn mọ́ ọn tó orí túlíìpù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Àwọ̀n wáyà ni wọ́n ń tẹ́ lé ilẹ̀ lórí títí ewé á fi yọ. Ọmọ ẹ̀dá ni kò gbọ́dọ̀ fara wé ọ̀kẹ́rẹ́, nítorí bó ṣe jọ àlùbọ́sà tó yẹn, oró wà nínú ẹ̀. Ẹ má kó o sí kíṣìnnì rárá. Àwọn tó ń fi ọwọ́ lásán dì í mú ní gbogbo ìgbà nídìí iṣẹ́, ńṣe ni ara ìka wọn máa ń bó. Lóòótọ́, àwọn ará Họ́láǹdì jẹ ẹ́ láàárín ọdún 1944 sí 1945 nígbà tí ìyàn ogun mú wọn, èyí tó pa èèyàn tó lé ní 20,000. Wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa yọ àárín ẹ̀ dànù kí wọ́n tó sè é, síbẹ̀ ó ṣe àwọn mìíràn níjàǹbá. Ebi ló kó wọn débẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ.

Àwọn tó wà ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta á ti máa bèèrè pé ṣé kò lè ṣẹlẹ̀ níbí ni. Ká má parọ́, ó ṣòro. Orí túlíìpù ń fẹ́ òtútù gidi fún ọ̀sẹ̀ méjìlá sí mẹ́rìndínlógún kó tó lè yọ òdòdó tó dáa, ọyẹ́ tiwa ò sì dé ìdajì ìyẹn. Àwọn kan máa ń fi fíríìjì tan án jẹ. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má fi sí ibi tí ápù tàbí èso mìíràn wà, atẹ́gùn tó ń jáde lára èso máa ń pa òdòdó mọ́ ọn nínú. Ẹni tó bá sì máa dán an wò yóò ti mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjìlá láìjẹ́ kí fíríìjì kú, iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni. Kó tún wá tanná lẹ́ẹ̀kan, ooru á sọ pé ó tó. Bákan náà, ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkè òkun tó fẹ́ di orí òdòdó sínú báàgì, àjọ Nigeria Agricultural Quarantine Service ló yẹ kó kọ́kọ́ gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn, nítorí àìsàn tó lè bá a wọlé. Igi tí wọ́n ń pè ní African tulip létí títì wa, òrúrù ni, àwọn àti túlíìpù ò jọ bára tan níbì kankan.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó ju òdòdó dáadáa lẹ́yìn ilé lọ. Ní àwọn ọdún 1890, wọ́n rí túlíìpù pupa kan nítòsí Amasya, nílẹ̀ Tọ́kì. Wọ́n kó orí ẹ̀ lọ fún ilé iṣẹ́ Dammann ní Naples, lórílẹ̀-èdè Ítálì, níbi tí Carl Sprenger ti ń ṣòwò òdòdó. Lọ́dún 1894, John Gilbert Baker tó jẹ́ onímọ̀ ewéko ní Kew fún un lórúkọ, Tulipa sprengeri. Àwọn olùrajà fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n bá ń hú u kó lọ sí Yúróòpù. Nígbà tó yá, àwọn tó padà lọ wá a lórí òkè náà ò rí nǹkan kan. Títí di báa ṣe ń wí yìí, wọ́n kà á mọ́ àwọn tó ti pa rẹ́ nínú igbó. Àwọn onímọ̀ fura pé híhú yẹn lọ́wọ́ nínú ẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ní àwọn ọdún 1980, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ orí òdòdó igbó oríṣiríṣi ni wọ́n ń hú lórí òkè Tọ́kì lọ́dọọdún tí wọ́n ń kó lọ sí ọjà Họ́láǹdì, àwọn ará abúlé tó ń hú u ò sì rí ju ṣíńṣì lọ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ń ra túlíìpù kékeré lónìí, kó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá inú oko ni wọ́n ti gbìn ín tàbí orí òkè ni wọ́n ti lọ hú u. Tí oníṣòwò bá ń ká ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kó gbé owó ẹ̀ sápò.

Sprengeri tó ti tán lórí òkè yẹn ò kú, torí pé àwọn tó rà á nígbà náà gbìn ín sílé wọn, ó so, wọ́n fọ́n irúgbìn ẹ̀ síbẹ̀, wọ́n bu fún aládùúgbò, aládùúgbò náà tún bu fún ẹlòmíràn. Bí Clusius ṣe ń ṣe níjọ́sí nìyẹn. Gbogbo Sprengeri tó wà láyé lónìí, ọmọ inú ọgbà ni. Ó wà nínú àwọn ọgbà ńlá, ó sì wà lẹ́yìn ilé àwọn èèyàn tẹ́nikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn.

Orí ẹ̀ wọ́n, torí pé ńṣe ló máa ń fúnra ẹ̀ rìn wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ, wíwú u ò rọrùn fún ẹni tó fẹ́ tà. Irúgbìn ẹ̀ ló dáa kí wọ́n wá. Tó bá ti gbó tán, kí wọ́n fọ́n ọn sójú ibi tí wọ́n fẹ́ kó wà kí òtútù tó dé, kí wọ́n má ṣí i nídìí mọ́. Kò bínú sí òjìji díẹ̀, ó sì lè wà láàárín koríko. Lọ́dún àkọ́kọ́, ewé tín-ín-rín kan ṣoṣo ló máa yọ, bíi ti àlùbọ́sà eléwé, ẹni tí kò mọ̀ lè fi ọkọ́ ro ó dànù. Ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ló máa lò kó tó tanná. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ nọ́sìrì lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́n ọn á ti wà ní púráímárì. Ìparí oṣù karùn-ún ni wọ́n máa ń rí i, pupa rokoṣo, nígbà tí gbogbo túlíìpù yòókù ládùúgbò ti rẹ̀ dànù.